Ṣé Ká Rò Ó Pọ̀ Ni, àbí Ká Yọ Ọ́ Kúrò?

Lọ́dọọdún, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé tí àwọn ọmọ tuntun sì ti jókòó sí kíláàsì sixième, ìbéèrè kan wà tí n kò lè ṣàìgbọ́. N ó kọ ìṣirò kékeré kan tí ó ní ìtàn nínú sí ojú pátákó, àwọn ọmọ yóò kà á, wọn yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan yóò nà sókè: « Monsieur, ṣé ká rò ó pọ̀ ni, àbí ká yọ ọ́ kúrò? » Ọmọ tí ó ń béèrè yìí kì í ṣe òpè. Bí mo bá kọ 347 + 285 fún un, kíá ni yóò ṣe é, yóò sì gbà á. Ohun tí kò yé e ni ohun tí ìtàn náà ń sọ. Àmì tí yóò fi sí àárín nọ́mbà méjèèjì nìkan ni ó ń retí lẹ́nu mi, kí ó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, kì í ṣe sixième ni ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti CI àti CP ni ó ti ń bá ọmọ bọ̀, láti ìgbà tí ọmọ ọdún 6 tàbí 7 kọ́kọ́ pàdé ohun tí ìwé Faransé ń pè ní problème. Ìdí nìyí tí èmi tí mo ń kọ́ àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ fi yà sọ́dọ̀ àwọn kékeré lónìí. Ìṣirò onítàn ni n ó máa pè é, nítorí pé ìtàn ni lóòótọ́: ẹnì kan wà, ó ní nǹkan, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà, a wá fi ojú kan sílẹ̀ kí ọmọ wá a kàn. Ọmọ tí kò bá rí ojú náà kì í pẹ́ gba orúkọ. « Kò mọ ìṣirò » ni wọn yóò máa wí nípa rẹ̀, òun náà yóò sì gbà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣirò kọ́ ni ó dí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́mbà méjì péré, 5 àti 3, kí a wo iye ìtàn tí ó lè ti inú wọn jáde. « Àìná ní ọsàn 5. Ìyá rẹ̀ fún un ní 3 sí i. Mélòó ni ó ní báyìí? » Èyí rọrùn, ọmọ lè fi ojú inú rí ọwọ́ ìyá tí ń na ọsàn sí i. « Ọsàn 5 wà nínú agbọ̀n, 3 wà lórí ẹní. Mélòó ni gbogbo rẹ̀? » Níhìn-ín, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún ẹnì kan ní nǹkan. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò kó ọsàn méjèèjì jọ ní ọkàn rẹ̀. « Àìná ní ọsàn 5. Òjó fi 3 jù ú lọ. Mélòó ni Òjó ní? » Èyí ni ó le jù, nítorí pé 3 tí a dárúkọ kò sí níbì kan tí a lè fọwọ́ kàn. Kì í ṣe ọsàn Àìná, kì í sì í ṣe gbogbo ọsàn Òjó. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni. 5 + 3 ni ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú àgbàlagbà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ọmọ ọdún 6, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ní Amẹ́ríkà, Mary Riley, James Greeno àti Joan Heller pín àwọn ìtàn wọ̀nyí sí agbo mẹ́ta ní 1983: èyí tí nǹkan yí padà nínú rẹ̀, èyí tí a kó nǹkan jọ, àti èyí tí a fi nǹkan wé nǹkan. Gérard Vergnaud, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 2021, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ó fẹ́ràn láti máa lo ọmọ tí ń ta bílì: ọmọ náà ta á lẹ́ẹ̀mejì, a sọ ohun tí ó jẹ tàbí tí ó pàdánù ní ìgbà kejì, a sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí, a wá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Nọ́mbà ibẹ̀ kì í ju 10 lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti kọjá ọdún 10 ni ó ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kò tilẹ̀ nílò bílì. Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú ọmọ yín: « Àìná ní ọsàn díẹ̀ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní 3 sí i. Ó wá ní 8. Mélòó ni ó ní láàárọ̀? » Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò dáhùn pé 11. Wọ́n gbọ́ « sí i », wọ́n rí 3, wọ́n rí 8, wọ́n sì rò wọ́n pọ̀.

Kí ni ó fà á? Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́fà àwa olùkọ́. A máa ń fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ atọ́nà: bí o bá rí en tout, rò ó pọ̀, bí o bá rí il reste, yọ ọ́ kúrò, bí o bá rí de plus, rò ó pọ̀. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ ìwé CP ti to àwọn ìtàn rẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fi ọ̀rọ̀ atọ́nà tọ́ kì í ka ìtàn mọ́. Ojú rẹ̀ ń sáré kọjá lórí gbólóhùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí ẹni tí ń wá ojú ẹni tí ó mọ̀ láàárín èrò ọjà. Bí ó bá ti rí i, ó parí. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ni ó ń ṣe ọmọ ní ibi jù nínú gbogbo ohun tí a ń kọ́ wọn ní CP, a sì ń kọ́ wọn tìfẹ́tìfẹ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí irú kíkà bẹ́ẹ̀ lè gbé ọmọ dé. Ní nǹkan bí 1980, àwọn olùwádìí IREM ti Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, fún ọmọ 97 ní CE1 àti CE2 ní ìṣirò kan. Àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà? Ọmọ 76 ni ó fi àgùntàn àti ewúrẹ́ wá ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀. Stella Baruk fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọlé ìwé kan ní 1985, gbogbo ilẹ̀ Faransé sì hó lé e lórí. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà kò ronú. Èmi gbà pé wọ́n ronú dáadáa: wọ́n ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìbéèrè olùkọ́ kì í ṣaláìní ìdáhùn, àti pé nọ́mbà tí olùkọ́ bá fún ni, a gbọ́dọ̀ lò ó tán.

Ẹ sì rántí pé ní èdè Faransé ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ Grenoble wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀, èdè ìlú wọn. Ti àwọn ọmọ tiwa níhìn-ín ní ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti pàdé Faransé? Ẹ mú ọ̀rọ̀ plus nìkan. Orúkọ àmì ìròpọ̀ ni: cinq plus trois. Ó tún wà fún ìfiwéra: Òjó a trois oranges de plus qu'Àìná. Bí a bá sì sọ pé il n'y a plus d'oranges, ọsàn ti tán pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà. Èkínní ń ro nǹkan pọ̀, èkejì ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀kẹta ń pa á rẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé láti kékeré lè fi ìró s tí ó wà ní ìparí mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú pátákó kì í fọhùn.

Ọ̀nà tí a gbà béèrè ọ̀rọ̀ ju nọ́mbà lọ. Tom Hudson, ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn ní 1983. Ó gbé àwòrán ẹyẹ àti kòkòrò síwájú àwọn ọmọdé; ẹyẹ pọ̀ ju kòkòrò. Ó kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹyẹ fi ju kòkòrò lọ. Nínú àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́, 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà á. Ó wá yí ìbéèrè náà padà: ká ní gbogbo ẹyẹ sáré lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ mú kòkòrò kan, ẹyẹ mélòó ni kò ní rí kòkòrò jẹ? Gbogbo wọn pátá ni ó gbà á. Àwòrán kò yí padà, iye kò yí padà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ni, ebi fẹ́ pa ẹyẹ kan, ọmọ sì mọ ohun tí wọ́n ń bi òun.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé Yorùbá kò ní ẹ̀gún nínú. Òjó mu ọsàn 5 nínú 8: ó ku 3. Wọ́n ní kí Òjó kó ọsàn 8 wá, ó ti rí 5: ó ku 3 náà ni. « Kù » kan ń sọ ohun tí ó ṣẹ́kù, « kù » kejì ń sọ ohun tí kò tíì dé. Bákan náà, bí ẹ bá sọ pé Òjó ní ọsàn 8, ó sì fi 3 ju Àìná lọ, ọmọ yóò gbọ́ « jù », yóò sì wí pé Àìná ní 11. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú èdè ilé rẹ̀, ọmọ lè jà. Ó lè ní « Rárá o, ta ni ó ní 8? » Ní Faransé, dídákẹ́ ni ó ń dákẹ́.

Ẹ̀rí sì wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's « A » ní Mọ́dákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánwò PASEC ti 2014, tí orílẹ̀-èdè 10 kópa nínú rẹ̀, Benin pẹ̀lú, àwọn ọmọ Burundi ni ó ta yọ jù ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, nínú kíkà àti nínú ìṣirò. Kirundi, èdè ilé wọn, ni wọ́n fi kọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì fi bi wọ́n ní ìbéèrè. Èdè nìkan kọ́ ni ó ń gbé ọmọ ga, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé kò já mọ́ nǹkan ní ẹjọ́ láti rò.

Báwo ni kí a ṣe é nígbà náà? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ CP ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà láìsí nọ́mbà kankan. « Àìná ní ọsàn. Ìyá rẹ̀ fún un sí i. Ṣé ọsàn Àìná pọ̀ sí i ni, àbí ó dín? » Ọmọ tí kò rí nọ́mbà kò ní ohun tí yóò rò pọ̀, ó di dandan kí ó gbọ́ ìtàn. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kan tún ìtàn náà sọ ní ẹnu Ìdáàṣà, bí ó ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an, kì í ṣe ní Yorùbá inú ìwé. Àwọn ọmọ wa mọ bí a ti ń gbọ́ ààlọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí ìjàpá bá ti jí nǹkan gbé ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ títí dé òpin. Etí yẹn gan-an ni ìṣirò onítàn ń fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí nọ́mbà wọlé, kí ọmọ sì fi ọwọ́ ṣe é: ẹ̀pà, ẹ̀wà, òkúta wẹ́wẹ́. (Ìlú tí a ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì kò lè ṣe aláìní òkúta.) Ọmọ ayò náà dára: ojúlé 12, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, ó tó kíláàsì kékeré kan. Kí ọmọ to 5, kí ó to 3, kí ó sọ èyí tí ó jẹ́ ti Àìná àti èyí tí ìyá mú wá. Kí ó yà á ní àmì tótòtó sí pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní ardoise. Àmì + ni kí ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà yìí ni kí olùkọ́ sọ ìtàn kan náà ní Faransé, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, fún ọmọ tí ó ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Faransé rẹ̀ yóò rí ibi jókòó sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé e, ẹ kọ 5 + 3, kí ẹ ní kí òun náà pa ìtàn tirẹ̀. Èyí le ju kí ó dáhùn lọ, ó sì ń tú àṣírí gbogbo nǹkan.

Ẹ yan ohun tí ọmọ ń rí: ebè iṣu, agolo gàrí, máńgòrò, owó ọjà Glazoué. Ẹ má sì fi ọmọ ènìyàn ṣe ìṣirò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ pé ẹ ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè iye ọmọ tí ó kù sí ọwọ́ aládùúgbò kan, ẹjọ́ mìíràn ni ẹ dá sílẹ̀ yẹn.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ CP yóò sọ: ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, ìwé ètò ẹ̀kọ́ gùn, àyè kò sí. Ìtàn kan tí a tú palẹ̀ ní ìdajì wákàtí sàn ju mẹ́wàá tí wọ́n dà kọ láti ojú pátákó.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sórí orúkọ nọ́mbà wa, nítorí pé ìròpọ̀ wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a wá a lọ. Ọmọ tí ó bá sọ pé mẹ́rìndínlógún ti sọ pé 16 fi 4 dín sí ogún; bí òun bá tún rí 4, ogún pé. Àádọ́rin ń sọ pé 80 dín 10. Faransé ń pe iye kan náà ní soixante-dix, 60 àti 10. Àádọ́rùn-ún, 100 dín 10, ni quatre-vingt-dix, ogún 4 àti 10. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kò lè ka Yorùbá kọjá mẹ́wàá mọ́, wọ́n sì ń pe soixante-dix bí ẹni ń pe orúkọ ènìyàn, láìgbọ́ 60 tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ méjèèjì yóò rí i pé a lè gun òkè kan náà láti ẹ̀gbẹ́ méjì, pé a lè fi lílé dé 70, a sì lè fi dídín dé e.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń sọ pẹ̀lú. Faransé ni CEP, wọ́n ní, kí ni a ó fi Yorùbá ṣe? Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ìyá tí kò lọ sí ilé ìwé, ní àwọn kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ohun tí àwọn kò kọ́. Ẹ wá sí oríta wa, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà, kí ẹ wo ọmọ tí ń kiri ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Èrò ọkọ̀ ra ọjà 325 fáráǹkì, ó na 500 sí i. Ọmọ náà kì í yọ 325 kúrò nínú 500. Ó fi 25 lé e, ó di 350. Ó fi 50 lé e, ó di 400. Ó fi 100 lé e, owó pé, bọ́ọ̀sì sì ti ń lọ. Ìròpọ̀ ni ó fi ṣe ìyọkúrò. Èmi kò fẹ́ kí ọmọ máa kiri nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ní Faransé.

Ní Recife, ní ilẹ̀ Brazil, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ̀ lé ọmọ 5 tí ń tajà, láti ọmọ ọdún 9 sí 15, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1985. Lẹ́nu ọjà, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣirò wọn. Nígbà tí a kọ irú ìṣirò kan náà fún wọn bí ìtàn, wọ́n gba nǹkan bí 74. Nígbà tí a kọ nọ́mbà lásán, 37 ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ti àárín. Ìtàn ran àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ju nọ́mbà lásán lọ. Ní sixième tiwa, nọ́mbà lásán ni ọmọ ń gbà, ìtàn ni ó ń sá fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ gbìyànjú ìtàn mẹ́ta wọ̀nyí pẹ̀lú ọmọ yín, ní ẹnu ilé yín. Àlàbá ti wú iṣu 6, ó tún wú 4. Mélòó ni ó wú? Àlàbá ní iṣu láàárọ̀, ó tún wú 4, ó wá di 10. Mélòó ni ó ní láàárọ̀? Àlàbá ní iṣu 10, ó fi 4 ju Ìdòwú lọ; mélòó ni ti Ìdòwú? Bí ó bá dáhùn pé 14, ẹ má sọ fún un pé kò gbà á. Ẹ kó ẹ̀pà sílẹ̀, kí ẹ ní kí ó fi han yín, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ má bá a ká a.

Lẹ́yìn náà kí ẹ fi èyí kún un: bàbá àgbà kan gun òkè 2 láàárọ̀, ó tún gun òkè 3 nírọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mélòó ni? Bí ọmọ bá ní 5, ẹ tún padà sí ti ọ̀la. Bí ó bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ pa iná, kí ẹ lọ sùn.